Ẹni Tó Lè Bá Epìyà Gbé

Bí ẹ bá rí Búrẹ́mọ̀ láàárọ̀ ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà lọ́nà Lanlate, ní Èrúwà, ẹ ó rò pé ẹnìkan ló ti lù ú kó tó délé iṣẹ́. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń gbálẹ̀ níbẹ̀, tó ń pọnmi, tó ń gbé aláìsàn, tó sì ń gbé òkú. Mùnírátù ìyàwó rẹ̀ ti kú. Rùkáyàt, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà nílé ọkọ ní Tápà. Ó ti rẹ ọkùnrin náà, kì í sì í fi pamọ́.

Ohun tó ń mú un tètè jí kò ju ẹja kan lọ. Dókítà òyìnbó kan ló fi àpótí gíláàsì tó fi ń sin ẹja sílẹ̀ nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Àpótí náà gùn tó bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì gbé e sí gbọ̀ngàn tí àwọn ìyálọ́mọ ti ń dúró de abẹ́rẹ́. Ẹja pọ̀ nínú rẹ̀ nígbà kan, ṣùgbọ́n epìyà kan tó pupa láyà pa gbogbo wọn tán, ó wá ń rìn káàkiri bíi baálẹ̀ tí kò ní ará ìlú. Ọmọ tó bá ń ké, wọ́n á gbé e síwájú gíláàsì, á dákẹ́. Búrẹ́mọ̀ náà, kí èèyàn tó dé, á jókòó tì í, á sọ fún un pé òun ò rí oorun sùn. Kò sẹ́ni mìíràn tó lè sọ ọ́ fún.

Lọ́dún 1973, Mátíróònù tuntun dé. Adétóyìn lorúkọ rẹ̀, ará Ìjẹ̀bú. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ó kórìíra kí nǹkan máa ṣòfò. Ó ní irú àpótí ńlá yìí kọjá ti ẹja kan, kí Búrẹ́mọ̀ wá ẹgbẹ́ sí i, torí ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù tó ń bọ̀.

Ọmọ Igbó-Ọrà ni Búrẹ́mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá rẹ̀ bí ìbejì, òun fúnra rẹ̀ sì ní èkejì. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ, aṣọ tí wọ́n bá rà fún Táyé ni wọ́n ń rà fún Kẹ́hìndé, ẹni tí kò bá lẹ́nìkejì ni wọ́n sì ń ṣàánú. Ohun tó rò mọ́ ẹja náà nìyẹn. Ó ránṣẹ́ sí Gbénró, apẹja odò Ògùn, pé kó bá òun wá epìyà tó bá èyí dọ́gba, tó pupa láyà bíi tirẹ̀. Gbénró mú un wá. Búrẹ́mọ̀ dà á sómi, inú rẹ̀ sì dùn, ohun tó ti pẹ́ tó ti ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn. Kó tó gbálẹ̀ tán, àlejò ò nírù mọ́. Nígbà tó máa di ọ̀sán, ó ti léfòó.

Ó ní bóyá wọn ò tíì mọra ni. Ó gba òmíràn, èyí tó tún jọ ọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìyẹn ò tilẹ̀ rí ọ̀sán. Ìyálọ́mọ kan rí òkú rẹ̀, ó ní wọn ò ní gún ọmọ òun lábẹ́rẹ́ lójú òkú, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyẹn ló bí Mátíróònù nínú.

"Bàbá Rùkáyàt," ó ní, "tí òkú kan bá tún léfòó níbẹ̀, ẹ ó fi apani yẹn sebẹ̀ ni. A ó sì gbé gíláàsì náà jù síta."

Ọ̀rọ̀ náà dun Búrẹ́mọ̀ dé egungun. Ìgbà tó jókòó tó ń rò ó ni Àkànó, àgbẹ̀ Lanlate kan tí wọ́n ń wẹ egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, bi í pé kí ló dé. Ó rò fún un. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé egbò.

"Ọmọ bàbá mi ló bá mi dé kóòtù lórí ilẹ̀," Àkànó wí. "Apẹja ò bá mi du ebè rí. Ẹni tó jọ mí, tó ń jẹ ohun tí mò ń jẹ, ọ̀tá mi nìyẹn. Lọ wá ẹni tí kò ní bá a du nǹkan."

Ó tún sọ bí wọ́n ṣe parí ẹjọ́ náà: àwọn àgbà hú gbogbo pèrègún ààlà, wọ́n tún ilẹ̀ pín látìbẹ̀rẹ̀. Búrẹ́mọ̀ wojú àpótí. Òkúta ńlá kan wà ní igun, abẹ́ rẹ̀ ni epìyà ń gbé. Òkúta méjì wà láàárín, ẹja tó bá sì ti kọjá wọn ti wọ ìjà. Pèrègún rẹ̀ rèé.

Ó mú epìyà sínú agbada omi kan lẹ́yìnkùlé. Ó tú gbogbo òkúta kúrò láyè wọn, ó tò wọ́n lọ́tọ̀, kí ihò ìsápamọ́sí lè wà níbi gbogbo. Ó gba ẹja àrọ̀ mẹ́rin lọ́wọ́ Gbénró, tí wọn kò kéré dé ibi tí epìyà lè gbé wọn mì, tí wọn ò sì tóbi dé ibi tí wọ́n lè gbé e mì. Ilẹ̀ làwọn yẹn ń gbé. Wọn kì í wá sókè àyàfi tí wọ́n bá fẹ́ mí. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n mọlé, kó tó dá epìyà padà bí àlejò. Epìyà wá igun rẹ̀ tì. Ó lé àrọ̀ kan dé ìdajì ọ̀nà, àrọ̀ kó sí ihò, ó sì rẹ òun náà. Búrẹ́mọ̀ jókòó wò wọ́n títí tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn. Kò sí òkú lọ́jọ́ kejì, kò sí lọ́jọ́ kẹta.

Ọ̀gá Adérógbà dé láti Ìbàdàn lọ́jọ́ Túsìdeè. Ó wo àwọn aláìsàn fírí, ó wo ẹja pẹ́. Ó ní irú ohun tó rẹwà báyìí kò yẹ kó fara sin sínú oko, òun á rán lọ́rì wá gbé e lọ sí ọ́fíìsì òun lọ́jọ́ Fúráìdeè. Mátíróònù wo Búrẹ́mọ̀, ó wolẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Ní Fúráìdeè, Búrẹ́mọ̀ ti débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ó mọ ohun tó lè ṣe. Bó bá dá òkúta padà sáyè wọn, òkú á léfòó kí lọ́rì tó dé, awakọ̀ kankan ò sì ní gbé òkú lọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọmi, ó gbé òkúta ńlá padà sí igun. Kíá ni epìyà mọ ilé rẹ̀. Ó wọ abẹ́ rẹ̀, àyà rẹ̀ pọ́n, ó já jáde, ó gé àrọ̀ tó ń kọjá nírùngbọ̀n.

Búrẹ́mọ̀ wò ó. Bó ṣe fẹ́ kó rí nìyí, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó ti gbé òkú púpọ̀ jù nínú ilé yìí, títí kan Mùnírátù, kò sì fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọ̀kan sí i. Ó gbé òkúta náà kúrò.

Lọ́rì dé. Wọ́n kó ẹja sí garawa, wọ́n gbọ́n omi dànù. Búrẹ́mọ̀ ṣàlàyé fún awakọ̀ pé àrọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ dà sómi, kí epìyà kẹ́yìn. Awakọ̀ ní òun ti gbọ́, bí ẹni tí kò gbọ́. Àwọn gìrìpá méjì tó bá lọ́rì wá bẹ̀rẹ̀ láti gbé àpótí, Búrẹ́mọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ wọn.

"Bàbá Rùkáyàt, ẹ fi sílẹ̀," Mátíróònù wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ yìí gbé e."

"Ẹ jẹ́ kí n dì í mú, Mà," ó ní. "Wọn ò mọ ibi tó ti wúwo."