Ilé Ajá Tí A Sọ Di Ilé Adìẹ

Ẹni tó bá wọ ọgbà wa ní Mowe lónìí, adìẹ ló máa kọ́kọ́ rí. Kò ní mọ̀ pé ilé ajá ni wọ́n ń gbé. Èmi mọ̀. Bí mo bá jí láàárọ̀ tí mo gbọ́ tí nǹkan ń họ ilẹ̀kùn pákó yẹn, àyà mi á kọ́kọ́ já ná, kí n tó rántí pé adìẹ náà máa ń họ nǹkan.

Àbúrò mi ọkùnrin ló kọ́ ọ: búlọ́ọ̀kù ìpele márùn-ún, páànù lórí, ilẹ̀kùn pákó níwájú. Ní ìlú Àgbàdo ló ti ra ajá náà, lẹ́bàá ojú irin, ó gbé e wálé nínú páálí bí ẹni gbé tòmátì. Màámi figbe ta. Wọn kì í fi ìrun ṣeré, bí itọ́ ajá bá sì kàn wọ́n lára, àfi kí wọ́n tún àlùwàlá ṣe. Wọ́n ní ajá yẹn kò gbọdọ̀ ré kọjá igi ọsàn. Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màámi, ẹ̀yin gan-an lẹ ó máa fún un lóúnjẹ."

Àwàdà ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tó di pé ó fẹ́ gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí òkè òkun, tí kò sẹ́ni tó lè dá a dúró, Màámi náà ló kù fún ajá. Láàárọ̀ ọjọ́ tó lọ, ó bọ́ bùbá àdìrẹ ọrùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú ilé ajá. Ó ní kí ajá má baà gbàgbé òórùn òun. Ó pè wá lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà. Nígbà kejì, ó ní ọkọ̀ ti kún, àwọn máa wọ inú iyanrìn lọ́la. Ọdún kẹfà rèé, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ṣé ẹ rí Màámi tó ń sá fún itọ́ ajá? Àwọn ló ń fi ọwọ́ ara wọn tẹ ẹ̀bà fún un láràárọ̀. Ajá á lá wọn lọ́wọ́, wọ́n á ní, "Ọ̀gá rẹ ń bọ̀," wọ́n á wá wọlé lọ ṣe àlùwàlá mìíràn. Ó ń dùn mí, ó sì ń bí mi nínú. Àwọn ẹbí ní Ìfọ̀ ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí a pe ààfáà, kí a ṣe fìdáù, àdúà òkú, fún ọmọ náà, kí ọkàn gbogbo wa lè balẹ̀. Èmi náà wà lára àwọn tó ń sọ ọ́. Màámi ní ẹni tó bá ṣe fìdáù ọmọ àwọn, ti ara rẹ̀ ló ṣe. Ọ̀rọ̀ pin síbẹ̀.

Lásìkò òjò tó kọjá, ajá kú. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ oúnjẹ, ó parí. A sin ín sẹ́yìn fẹ́ǹsì. Lọ́jọ́ kejì, mo bá Màámi níwájú ilé ajá pẹ̀lú àwo ẹ̀bà lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn gbọ́ tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ń dún. Mo jágbe, mo ní, "Màámi, ẹ̀wọ̀n yẹn wà nínú ilé, èmi ni mo gbé e pamọ́!" Wọ́n gbé àwo ẹ̀bà náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí mi ò sọ fún wọn ni pé èmi náà gbọ́ ọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àbúrò Màámi fi adìẹ méje ránṣẹ́ sí wa láti Ìfọ̀, àgbébọ̀ gidi. A kó wọn sí kíṣìnì. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ẹtà fi wọlé gbé ọ̀kan, ìyẹ́ nìkan la bá nílẹ̀. Kí la tún ń wò? Mo ní kí a sọ ilé ajá di ilé adìẹ.

Màámi ní, "Tí ẹni tó ni ilé náà bá dé ńkọ́?"

Mo ní, "Tó bá dé, ẹ jẹ́ kó wá bá ẹyin nílẹ̀."

Ẹnu mi yìí, òun ni yóò pa mí lọ́jọ́ kan. Màámi dìde, wọ́n wọlé. Mo kà á sí bẹ́ẹ̀ ni.

Káfíńtà tó ṣe é, ará Ọ̀yọ́ ni, ó háyà yàrá lẹ́yìn ilé wa. Ó mọ iṣẹ́. Ó ní, "Àǹtí, ibi tí orí ẹtà bá ti gbà, ara rẹ̀ náà ti gbà á nìyẹn o." Ó fi nẹ́ẹ̀tì olójú wẹ́wẹ́ dí fèrèsé ní ìlọ́po méjì, ó gbẹ́lẹ̀ yí ilé náà ká, ó ri nẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ kí ohunkóhun má baà gba abẹ́ wọlé. Ó kan igi tí adìẹ á máa bà lé, ó fi àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó kan ilẹ̀kùn, ó bèèrè bóyá kí òun fá ojú èékánná ajá tó wà lára rẹ̀ dànù. Mo ní kó fi sílẹ̀. Mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn adìẹ kò wọlé. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n na ọrùn, wọ́n ń wo inú, bíi pé ẹnì kan wà níbẹ̀. Mo fi eérú àti omi gbígbóná fọ ibẹ̀, mo jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n tó gbà láti wọ̀ ọ́.

Ó wá ku àkísà. Ní àdúgbò wa, adìẹ kì í jáde láìní àkísà lẹ́sẹ̀, torí adìẹ gbogbo ilé ló jọ ń jẹ̀. Ti ilé òdìkejì pupa, ti télọ̀ yẹ́lò. Mo wá àkísà títí, àfi bùbá àdìrẹ yẹn tó wà nínú ìdọ̀tí tí a kó jáde. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a, mo mú sísọ́ọ̀sì tí mo fi ń gé irun oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù, mo gé mẹ́fà lára rẹ̀. Mo ti sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn pé mi ò mọ̀ pé òun ni. Irọ́ ni mo pa. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Dídúró dè é yẹn ló ti sú mi.

Màámi jáde wá ṣe àlùwàlá alásárì. Wọ́n rí adìẹ kan, wọ́n rí èkejì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n di ẹsẹ̀ ọ̀kan mú, wọ́n ń fọwọ́ pa aṣọ náà.

Wọ́n ní, "Ta ló kú?"

Mo na ọwọ́ láti gba adìẹ náà lọ́wọ́ wọn.

"Mo ní ta ló kú nílé yìí, tí o fi pín aṣọ rẹ̀?"

Yéè! Mo kúnlẹ̀ gbì. Ta ni kò mọ̀ pé aṣọ òkú là ń pín? Ẹni tó wà láàyè, aṣọ rẹ̀ ń dúró dè é ni. Mo ti fi sísọ́ọ̀sì ṣe fìdáù àbúrò mi, láìsí ààfáà, láìsí àdúà. Mo bẹ̀bẹ̀ títí. Màámi ò bá mi jà, ì bá sàn kí wọ́n bá mi jà.

A tú àkísà márùn-ún. Ẹ̀kẹfà, àgbébọ̀ dúdú, fò kọjá fẹ́ǹsì, ó wọ igbó àbàtà lọ. Mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn lé àwọn yòókù. Màámi ní, "Má tì í. Ọ̀kan wà níta."

Wọ́n gbé àga síwájú ilé adìẹ, àkísà márùn-ún lórí itan, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Wọn ò jẹun lọ́jọ́ kìíní, wọn ò jẹun lọ́jọ́ kejì. Káfíńtà ní, "Màmá, ẹtà á kó wọn lọ o." Wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà wọn lọ. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹtà ò sì wá. Ó ya káfíńtà lẹ́nu. Kò ya Màámi lẹ́nu. Ní tèmi, ọjọ́ mẹ́ta tí ajá fi kọ oúnjẹ ni mò ń rántí, ẹ̀rù sì ń bà mí gan-an.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, àgbébọ̀ dúdú gba ẹnu géètì wọlé, ẹrẹ̀ ní gbogbo ara. Màámi gbé e. Wọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, wọ́n wo èkejì. Kò sí àkísà níbẹ̀: adìẹ dé, aṣọ ọmọ wọn kò bá a dé. Wọ́n dì í mú títí, kí wọ́n tó rọra gbé e wọlé bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ti ilẹ̀kùn."

"Màámi?"

"Mo ní kí o ti ilẹ̀kùn. Tí ilẹ̀ bá mọ́, lọ pe ààfáà wá."

Mo di àgádágodo mú, mi ò tì í. Gbogbo ọdún tí mo fi ń bá wọn fà á pé kí wọ́n gbà pé ọmọ náà ti kú, mi ò mọ̀ pé ìrètí wọn ni èmi gan-an fẹ̀yìn tì. Mo bú sẹ́kún, mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ dọ̀la." Wọ́n gba àgádágodo lọ́wọ́ mi, wọ́n tì í fúnra wọn. Wọ́n nu ọwọ́ sára ilẹ̀kùn, níbi ojú èékánná yẹn, wọ́n sì wọlé lọ ṣe àlùwàlá.