Moróunkẹ́ Tó Ń Yẹ Iṣẹ́ Ọ̀gá Rẹ̀ Wò

Bí ẹ bá bi ìyá Moróunkẹ́ léèrè iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe, á ní, "Ó ń bá àwọn òyìnbó ṣe kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́." Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí òótọ́ nígbà kan. Irinṣẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń kọ ìròyìn àti ìtàn sórí ìkànnì ayélujára ni Moróunkẹ́ ń bá wọn ṣe, irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè lò láìsanwó, tí ẹnikẹ́ni sì lè tú inú rẹ̀ wò kó tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n wá ń fún un lówó oṣù, ìyá rẹ̀ ò yí ọ̀rọ̀ padà.

Àdúgbò Agbowó ló ti bẹ̀rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Àyànṣọlá, níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Tí èrò bá dín, ọ̀gá á ní kó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, á sì máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò tí ẹ̀rọ náà ń tẹ̀ lé. Bàbá náà le koko. Tó o bá ṣe àṣìṣe, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni Moróunkẹ́ ti dèèyàn.

Àwọn tó ń ṣe irinṣẹ́ yìí ní àṣà kan. Bí ẹnì kan bá mú àtúnṣe wá, ẹlòmíì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kó kọ àléébù rẹ̀ síbi tí gbogbo ayé á ti rí i, kí wọ́n tó gbà á wọlé. Moróunkẹ́ wà lára àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó jókòó sí Bodija, ó ń tú iṣẹ́ àwọn òyìnbó palẹ̀, kò wojú ẹnikẹ́ni.

Àfi ìgbà tí àtúnṣe kan dé láti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àyànṣọlá. Inú bàbá dùn pé òun náà fẹ́ fi nǹkan kún iṣẹ́ ọmọ òun. Moróunkẹ́ rí àléébù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: bí nẹ́tíwọ́kì bá lọ tó sì padà dé, ohun téèyàn kọ tẹ́lẹ̀ lè bo tuntun mọ́lẹ̀. Ó tẹ gbólóhùn kan, ó pa á rẹ́. Ó tún tẹ òmíràn, ó pa ìyẹn náà rẹ́. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé wo ló máa dúró ní gbangba, tó máa sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ò dáa? Kódà ojú ń tì í láti pè é lórí fóònù. Ó kọ "Ẹ kú iṣẹ́, sà," ó sì gbà á wọlé. Ó ní òun á rọra tún un ṣe tó bá yá. Iṣẹ́ míì dé, ó gbàgbé.

Ràfátù, obìnrin kan tó ń kọ ìròyìn ní Òkè Àdó, ló jẹ ìyà rẹ̀. Ó ti rìn káàkiri Baṣọ̀run nítorí ìròyìn kan, ó fi irinṣẹ́ náà kọ ọ́ tán, nẹ́tíwọ́kì lọ, ó padà dé, ìròyìn pòórá. Ó figbe ta lórí ayélujára. Orúkọ Ọ̀gá Àyànṣọlá ló wà lórí àtúnṣe náà, làwọn ọmọ kéékèèké bá ń fi bàbá ṣẹlẹ́yà ní gbangba. Ó dun Moróunkẹ́ wọra. Ó kọ ọ́ sí gbangba pé òun ti rí àléébù náà, pé òun lòun dákẹ́, ó sì tún un ṣe. Fóònù rẹ̀ dún.

"Moróunkẹ́, ṣé lóòótọ́ lo rí i?"

"Mo rí i, sà. Ẹ má bínú, sà. Mi ò fẹ́ dójú tì yín ni."

"O wá jẹ́ kí n lọ ṣubú lójú gbogbo ayé? Gbogbo ìgbà tí mò ń pariwo lé ẹ lórí l'Ágbowó, ṣé mo kórìíra ẹ ni?"

Ọ̀gá pa fóònù. Moróunkẹ́ sunkún. Ó rò pé bàbá ò tún ní bá òun da nǹkan pọ̀ mọ́.

Ó pẹ́ díẹ̀, àtúnṣe míì wọlé, orúkọ Ọ̀gá Àyànṣọlá ló wà lórí rẹ̀. Ayọ̀ gba ọkàn Moróunkẹ́, ó fara balẹ̀ kà á. Àléébù wà níbẹ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà sórí àga, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó wá tẹ̀ ẹ́ síbi tí gbogbo ayé á ti rí i: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mi ò lè gba èyí wọlé o." Ó ṣàlàyé gbogbo ìdí rẹ̀, kò fi ìkankan pa mọ́. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ó ń retí èsì.

Èsì dé, àwọn òyìnbó ò sì mọ ohun tó túmọ̀ sí: "Òótọ́ lo sọ. Mò ń tún un ṣe. Dìde nílẹ̀, ọmọ mi."