Ìṣẹ́jú Méjì Níwájú Àwọn Aṣòfin

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé iṣẹ́ dókítà ò kọjá ẹnu ọ̀nà ọsibítù. Ẹ̀ka pàjáwìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Decatur, ìlú kan ní Amẹ́ríkà, mi ò sì rí ohun tó kàn mí nínú ọ̀rọ̀ òṣèlú. Bí ẹgbẹ́ àwa dókítà pàjáwìrì bá fi lẹ́tà ìpàdé ránṣẹ́, mi ò ní ṣí i. Mo tiẹ̀ máa ń fi ìyẹn yangàn.

Ìyá àgbà kan ló yí mi lérò padà. Ó wá láti Ìbàdàn wá bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ tuntun, ni òtútù àyà bá dá a dùbúlẹ̀. A gbà á sí ọsibítù, ṣùgbọ́n kò sí bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo ní wọ́ọ̀dù lókè, nítorí náà ọjọ́ méjì gbáko ló fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Nígbà tó fẹ́ tọ̀, èmi àti nọ́ọ̀sì kan la na aṣọ bẹ́ẹ̀dì yí i ká, tí èrò ń kọjá. Ojú tì mí jù ú lọ. Ó ní, "Dókítà, ọmọ mi, ṣé ìjọba ibí mọ̀ pé báyìí la ṣe wà? Ẹ bá wa sọ fún wọn o." Mo ní, "Màá sọ ọ́, mà."

Ni mo bá ṣí lẹ́tà. Àbá òfin kan lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an wà níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, dókítà tó bá fẹ́ sì lè sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Alága ẹgbẹ́ wa, obìnrin ará Amẹ́ríkà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kìlọ̀ fún mi pé, "Aláìsàn kan ṣoṣo ni kó o sọ̀rọ̀ rẹ̀." Mo ra kóòtù tuntun, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ.

Àṣé àgbàlagbà ni gbogbo ìgbìmọ̀ náà, orí wọn funfun. Báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu sí àgbà láìkí wọn? Mo kí wọn kú ìjókòó, mo kí wọn kú iṣẹ́ ìlú, mo tọrọ àforíjì pé ọmọdé bíi tèmi ń sọ̀rọ̀ lójú wọn, èmi ọmọ ogójì ọdún. Ẹ gbìyànjú kí ẹ sọ "ẹ kú ìjókòó" ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó rí bó ṣe ń gùn tó. Bí mo ṣe ní, "Ohun tó gbé mi wá ni pé," iná pupa tàn: ìṣẹ́jú méjì mi ti pé. Wọ́n ní, "Thank you, Doctor." Mo sunkún nínú ọkọ̀ títí mo fi délé. Àbá náà ò sì kọjá lọ́dún yẹn.

Mi ò jáwọ́. Mo kọ lẹ́tà sí aṣòfin àdúgbò wa pé kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ó wá, kò rí àga jókòó sí, ó sì dúró fún wákàtí kan láàárín àwọn bẹ́ẹ̀dì. Lọ́dún kejì, òun ló gbé àbá náà padà wá. Nígbà tó kàn mí, mi ò kí ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Ìyá ẹni àádọ́rin ọdún tọ̀ láàárín èrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa." Gbogbo wọn gbójú sókè.

Kì í ṣe gbogbo ohun tá a béèrè ni wọ́n fún wa, ṣùgbọ́n òfin náà wọlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ò tíì ṣófo tán, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń lo ọjọ́ méjì níbẹ̀ mọ́, inú mi sì ń dùn tí mo bá ń gba ibẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ tí wọ́n buwọ́ lù ú, mo pe Màmá ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, tí ara wọn ti yá tí wọ́n sì ti padà sí Ìbàdàn. Mo kí wọn, mo kí ilé, mo béèrè ọmọ àti ọmọ-ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò síná pupa níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ fún wọn pé, "Màmá, mo ti bá yín sọ ọ́."