Kòtàsé Méjì, Nọ́ńbà Kan

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí nílé iṣẹ́ ìbọn ní Bẹẹrẹ, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó kékeré. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ pípẹ́ ni, ṣùgbọ́n bí mo bá rántí rẹ̀, orí mi a tún dà rú. Ṣé ẹ ti rí i rí kí èèyàn wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, kó má dá a mọ̀?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ là á yé ẹ̀yin ọmọ òde òní. Nígbà yẹn, Òyìnbó ń ṣe ìjọba tiwọn ní Èkó, àwa náà ń ṣe tiwa nílé. Àwọn baba wa ti bá wọn ṣàdéhùn tipẹ́ pé kí kálukú dúró sáyè rẹ̀. Baálẹ̀ àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ló ń darí Ìbàdàn láti orí òkè Mápó. A ní sójà tiwa, a sì ń ṣe ìbọn tiwa. Ìbọn náà ni wọ́n ń pè ní Kòtàsé.

Háà, Kòtàsé! Igi apá ni wọ́n fi ń gbẹ́ ìdí rẹ̀. Irin rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Ọta márùn-ún ló ń gbé lẹ́ẹ̀kan. Àwọn sójà máa ń sọ pé bó ṣe ń bá ọ̀tá jà níwájú ló ń gbá ẹni tó yìn ín léjìká. Síbẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ fi tirẹ̀ pààrọ̀ ìbọn Òyìnbó!

Iṣẹ́ tèmi ni kí n lu nọ́ńbà sí i lára. Mo ní àwọn irin kéékèèké tí wọ́n gbẹ́ nọ́ńbà sí lẹ́nu. Màá gbé e lé ara ìbọn, màá fi òòlù gbá a, lẹ́yìn náà màá kọ nọ́ńbà yẹn sínú ìwé mi. Obìnrin mẹ́ta la wà nídìí iṣẹ́ yìí, oníkálukú ló sì ní nọ́ńbà tirẹ̀ àti ìwé tirẹ̀. Èmi nìkan ni mo ń lo ọwọ́ òsì. (Ìyá mi nà mí títí nítorí ọwọ́ òsì yẹn, kò gbọ́!) Nítorí náà, méje tèmi máa ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri. Gbogbo ilé iṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ní, "Méje Ṣìfáwù nìyí."

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ọ̀gá wa, Baba Àlàó, ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì. Mo rò pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Bí mo ṣe wọlé, mo rí ọ̀gá sójà kan láti òkè Mápó tó jókòó sídìí tábìlì. Sójà kan tó jẹ́ kọ́púrà dúró síwájú rẹ̀, wọ́n ti bọ́ fìlà àti bẹ́líìtì lára rẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Láníyì lorúkọ rẹ̀, ọmọ Kudeti.

Kòtàsé méjì wà lórí tábìlì. Baba Àlàó ní kí n wo nọ́ńbà wọn. Mo wo àkọ́kọ́: 718. Mo wo èkejì: 718!

Mo nu ojú mi. Mo tún un wò. 718 náà ni.

Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi. Ọ̀kan nínú ìbọn méjèèjì wà nínú àpótí nílé ìkóhun-ìjà ní Mápó, kò tíì jáde rí. Èkejì ni Láníyì gbé wá fún àtúnṣe, ló bá di pé wọ́n rí i pé nọ́ńbà rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Níbo ló ti rí tirẹ̀? Ó ní lórí pápá ni wọ́n ti pín in fún òun, ṣùgbọ́n kò ríwèé fi hàn. Wọ́n ní ó jí i nílé iṣẹ́ wa ni, ó sì bẹ ẹnì kan kó lu nọ́ńbà èké sí i. Ẹni tó bá sì jí ìbọn ìlú nígbà yẹn, ẹ̀wọ̀n gbére ni o!

Ọ̀gá sójà bi mí pé, "Èwo ni ọwọ́ rẹ nínú méjèèjì?"

Mo gbé àkọ́kọ́. Méje fì. Mo gbé èkejì. Méje fì! Kí lèyí? Ṣé ojú mi ló ń ṣe mí ni? Mo sọ fún wọn pé kò yé mi. Inú bí ọkùnrin náà, ó gbá tábìlì, ó ní, "Àbí ẹni tí kò mọ ọwọ́ ara rẹ̀ la fi sídìí ìbọn Ìbàdàn ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò lè sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, mo kàn rí ìka mi tó nà sí èyí tó wá láti inú àpótí. Mo ní, "Èyí ni tèmi."

"Èkejì ńkọ́?"

"Kì í ṣe tèmi, sà."

Láníyì wò mí. Kò bínú, kò pariwo. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń gbọ́ èdè tí kò gbọ́ rí. Wọ́n mú un lọ.

Mo délé ní Ọ̀rányàn lọ́jọ́ náà, mi ò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ọkọ mi, Làmídì, tó jẹ́ télọ̀, bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sì ròyìn fún un. Ó ní bóyá ẹnì kan ló fara wé ọwọ́ mi. Mo di èyí mú. Àmọ́ ta ni? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn obìnrin méjì tá a jọ ń ṣiṣẹ́ bí ẹni ń wo olè. Mo tiẹ̀ bá ọ̀kan jà lórí òòlù! Nígbà tó yá, mo fura sí Baba Àlàó pàápàá. Ẹ ò rí i bí ọkàn èèyàn ṣe ń ṣe? Gbogbo ayé ni mo fura sí, àfi ara mi.

Lọ́jọ́ kẹta, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásàárì tán nígbà tí ìyá àgbàlagbà kan wọlé wá. Aṣọ funfun àwọn Aládùúrà ló wọ̀, kò wọ bàtà. Ó ní ìyá Láníyì lòun. Mo rò pé ó wá ṣépè fún mi ni.

Mo kúnlẹ̀, mo gbé omi fún un. Ó gbà á, kò tíì mu ún. Ó ní, "Ọmọ mi, mi ò wá bá ọ jà. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi ọ́. Ohun tí o sọ yẹn, ṣé ó dá ọ lójú?"

Mo gbójú sílẹ̀, mo ń ká etí ìró mi.

Ó dúró títí, ó wò mí, ó mi orí. Ó mu omi náà, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Ìyẹn náà nìyẹn! Bó bá ṣe pé ó bú mi ni, ǹ bá rí nǹkan fi dá a lóhùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ ṣí àpótí tá a ń kó àwọn ìwé tó ti kún sí nílé iṣẹ́. Ẹ lè ní kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò ti ṣí i tẹ́lẹ̀? Torí pé mo ti nàka ni! Ẹni tó lu nọ́ńbà ti sọ̀rọ̀, kí ni wọ́n tún ń wá nínú ìwé?

Mo rí ojú ewé náà. 717. Ìlà tó tẹ̀ lé e, 718. Ìlà tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, 718. Lẹ́yìn náà, 720. Kò sí 719. Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ mi ló kọ gbogbo rẹ̀!

Mo wo ọjọ́ tí mo kọ ọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọjọ́ kẹrin tí a sin ìyá mi. Iṣẹ́ pọ̀ nígbà náà, wọ́n ní kí n wá, mo sì wá. Ṣùgbọ́n kí ni mo ṣe lọ́jọ́ yẹn? Ta ni mo bá sọ̀rọ̀? Kí ni mo jẹ? Mi ò rántí. Títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mi ò rántí nǹkan kan! Ó dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbé ọwọ́ mi lọ síbi iṣẹ́.

Mo jókòó sórí àpótí náà. Ẹ má dá mi lẹ́jọ́, ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n ya ewé yẹn. Ọmọ méjì ni mo ní, ọwọ́ òsì yìí ni mo sì fi ń wá oúnjẹ wọn. Mo tiẹ̀ ti di etí ìwé náà mú. Ìbéèrè ìyá yẹn ni kò jẹ́ kí n fà á.

Mo gbé ìwé náà lọ bá Baba Àlàó. Ó kà á, ó pa ìwé náà dé. Ó wá ní, "Ṣìfáwù, o mọ̀ pé bí a bá gbé èyí dé òkè Mápó, o ò ní fọwọ́ kan òòlù mọ́ níbí?"

Mo ní, "Mo mọ̀, sà."

Ó dé fìlà rẹ̀, a jọ gòkè lọ.

Ibẹ̀ ni orí mi ti wá dà rú pátápátá. Ọ̀gá sójà ò gbà mí gbọ́! Ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé ìyá Láníyì wá sílé mi. Ó ní àánú rẹ̀ ló ṣe mí tí mo fi lọ kọ ìwé tuntun. Ẹ gbọ́ o! Nígbà tí mi ò mọ nǹkan kan, wọ́n gbà mí gbọ́. Ìgbà tí mo wá mú òótọ́ dání, wọ́n ní irọ́ ni!

Mo sunkún. Nígbà tí mo sunkún tán, mo ní kí wọ́n fún mi ní irin nọ́ńbà mi, òòlù àti àfọ́kù irin kan tí màá lù ú sí. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Baba Àlàó bá mi bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì ránṣẹ́ lọ kó wọn wá nílé iṣẹ́. Mo lu 718 lójú gbogbo wọn. Mo tún un lù. Mo lù ú lẹ́ẹ̀kẹta. Ọ̀gá sójà gbé ìbọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àfọ́kù irin náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó wò ó títí. Méje márààrún ló fì bákan náà.

Ó mí kanlẹ̀. Kò sọ pé mo jàre, kò sọ pé mo jẹ̀bi. Ó ní kí n máa lọ sílé. Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti dá Láníyì sílẹ̀.

Wọ́n gba òòlù lọ́wọ́ mi lóòótọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi òróró pa igi ìbọn ni wọ́n gbé mi lọ, ibẹ̀ ni mo sì wà títí mo fi kúrò níṣẹ́. Ìyẹn ò dùn mí tó bí ẹ ṣe lè rò.

Ó tó bí oṣù mélòó kan, mo pàdé Láníyì ní Oríta-mẹ́rin. Mo dá a mọ̀ kó tó rí mi. Mo lè yà sí ìsọ̀ ẹlẹ́pà kan kí n fara pamọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò gbà. Mo kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà níbẹ̀, láàárín èrò. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó dárí jì mí.

Ó ní, "Àǹtí, ohun kan ni mo fẹ́ mọ̀. Nígbà tí kò yé yín, kí ló dé tí ẹ nàka?"

Mo ní, "Ẹ̀rù ló bà mí."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fà mí dìde, ó gbọn eruku orúnkún ìró mi. Ó ní, "Ẹ̀rù ba èmi náà o." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò ṣòro. "Mi ò mọ̀" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú. Bí wọ́n bá ń gbá tábìlì mọ́ ọ, tún un sọ. Bó bá gba kí wọ́n pè ọ́ ní òpè, kí wọ́n pè ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sàn ju kí ọmọ ọlọ́mọ sun àtìmọ́lé lọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti sọ ohun tí kò dá yín lójú rí nítorí ìbẹ̀rù? Àbí ẹ̀yin gan-an ni wọ́n nàka sí? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, mo fẹ́ gbọ́. Ẹ má tijú mi. Ẹ ti rí i pé èmi náà ò lè sọ òkò lu ẹnikẹ́ni.