Ọwọ́-Òwú Fá Ìpàkọ́ Àbúrò Rẹ̀

Ọwọ́-Òwú ni àwọn oníbàárà sọ agẹrun yìí, nítorí bó bá ń fi abẹ fá ìpàkọ́ ènìyàn, oorun ló máa ń gbé onítọ̀hún lọ. Kò bímọ. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, tó tọ́ dàgbà lẹ́yìn ikú àwọn òbí wọn, ni ó fi ṣe ọmọ.

Pẹ́ńtà ni àbúrò náà. Ẹni tó bá fi ọgbọ̀n ọdún gbójú sókè kun àjà ilé onílé, bó pẹ́ bó yá, ọrùn á bá a ṣẹjọ́. Ìka rẹ̀ kọ́kọ́ ń kú; nígbà tó yá, búrọ́ọ̀ṣì ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè de bọ́tìnì ara rẹ̀ mọ́. Dókítà ní eegun ọrùn ti há iṣan tó gba ibẹ̀ kọjá mọ́, àfi kí àwọn ṣe iṣẹ́ abẹ láti ẹ̀yìn ọrùn.

Nígbà tó ku ọ̀la, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti dágbére.

"Ṣé báyìí lo fẹ́ gbé ìpàkọ́ lọ bá dókítà?" ni Ọwọ́-Òwú wí. "Wọ́n á ní o ò lẹ́gbọ̀n-ọ́n. Jókòó jàre."

"Bọ̀dá mi, ẹ rọra o."

"Ta lò ń kọ́ níṣẹ́? Abẹ tèmi ni kó ṣáájú ti dókítà."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ó fá a títí ìpàkọ́ fi ń dán bí abọ́ tuntun.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Lọ́jọ́ kẹta, àbúrò de bọ́tìnì ara rẹ̀, Ọwọ́-Òwú sì jó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn bí ọmọdé. Àmọ́ lọ́jọ́ kẹwàá, ara àbúrò gbóná, omi ojú egbò ọrùn rẹ̀ mú kí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ rin gbindin, omi náà sì ń rùn. Wọ́n sáré gbé e láti ilé padà sí ilé ìwòsàn. Wọ́n tú ojú egbò náà, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n ń fa oògùn sí i lára, ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ tó ti ń bá a jà tẹ́lẹ̀ kò jẹ́ kí egbò náà jinná.

"Nọ́ọ̀sì, kí ló fà á?" Ọwọ́-Òwú bi obìnrin tó ń tọ́jú egbò náà.

"Ohun púpọ̀ ló lè fà á, Bàbá. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ọwọ́ tí ẹnì kan kò fọ̀ kó tó kan egbò. Abẹ pàápàá. A máa ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi fá ọrùn ṣáájú iṣẹ́ abẹ, torí ó máa ń ha awọ lọ́nà tí ojú ò lè rí, ibẹ̀ ni kòkòrò ń bá wọlé. Bí irun bá máa dí wa lọ́wọ́, àwa fúnra wa la máa ń fi kílípà gé e níbí."

Ọwọ́-Òwú wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Èmi ni mo fi abẹ fá a."

Nọ́ọ̀sì gbé báńdéèjì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "A ò lè sọ pé òun ni, Bàbá. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́."

Lọ́jọ́ kẹta sí i, àbúrò kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ọwọ́-Òwú lọ kúnlẹ̀ níwájú aya àbúrò rẹ̀, ó jẹ́wọ́. Obìnrin náà figbe ta. "Ẹ dìde! Ó mọ̀, Bọ̀dá. Wọ́n ti kìlọ̀ fún àwa méjèèjì. Nígbà tó ti ṣọ́ọ̀bù yín délé, mo bínú sí i. Ó ní ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ náà ń ba òun gan-an, àmọ́ bí ọwọ́ yín ṣe kan òun lórí báyìí, ọkàn òun balẹ̀. Ó ní n ò gbọdọ̀ sọ fún yín láéláé."

"Gbólóhùn kan péré!" Ọwọ́-Òwú ń sunkún. "Kó kàn ní, Bọ̀dá, ẹ má fá a."

"Èmi náà ìbá ti sọ fún dókítà," ni obìnrin náà wí. "Mi ò sọ."

Oṣù kan kọjá kí Ọwọ́-Òwú tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ní báyìí, kó tó fọwọ́ kan oníbàárà kankan, ó máa bi í bóyá ó ń lọ ṣe iṣẹ́ abẹ. Àwọn kan ń sọ pé ọjọ́ ogbó ti ń ṣe é. Láwọn ọjọ́ mìíràn, ó máa ń tilẹ̀kùn lọ́sàn-án gangan, á lọ jókòó sí iwájú ilé opó náà. Wọn kì í sọ̀rọ̀ náà mọ́. Wọ́n á kàn jọ máa wo ọ̀nà.