Kárò Kì í Mu Ẹmu

Òórùn ọ̀dà tuntun àti ti ẹja díndín ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Àwọn méjèèjì lọ́ mọ́ra wọn débi pé mi ò mọ èyí tó ń mú kí ebi pa mí àti èyí tó ń mú kí inú máa rìn mí. Bùfẹ́ẹ̀tì ìyáálé mi, ìsọ̀ ẹmu rẹ̀ lójú ọ̀nà Massè, ni mò ń sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi á rántí bó ṣe wà látijọ́: ògiri amọ̀, òrùlé koríko, pákó gbọọrọ kan tí àwọn àgbẹ̀ ti jókòó sí títí tó fi ń dán, àti ìyáálé mi níwájú agbè ẹmu rẹ̀, tó ń fi ẹnu na àwọn ọ̀mùtí bí ẹni ń lé adìẹ.

Ọjọ́ tí wọ́n mú mi wọlé ọkọ, òun ló gbé ẹmu àkọ́kọ́ lé mi lọ́wọ́. Bí mo ṣe fẹ́ gbé e sẹ́nu, ó di ọwọ́ mi mú. "Ìyàwó, ta díẹ̀ sílẹ̀ ná. Ẹni tó kọ́kọ́ débí ló ń kọ́kọ́ mu." Mo ta á sílẹ̀, ilẹ̀ fà á mu kí n tó ṣẹ́jú. A jà títí láyé wa, a sì jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kú, inú yàrá tó ń sùn lẹ́yìn ìsọ̀ ẹmu yẹn la sin ín sí, bí a ti ń ṣe fún àgbà nílé wa. A fi ọwọ́ ra ilẹ̀ ibẹ̀ dán, a gbé ọlọ rẹ̀ lé e. Kò sí ìgbà tí mo ń lọ sóko tí mi ò ní yà síbẹ̀, kí n ta ẹmu tàbí omi tútù sílẹ̀ fún un.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, èyí tí mo pọ̀n dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ ń tajà, ló ti Kútọnù dé pé òun fẹ́ sọ ibẹ̀ di ti òde òní. Ẹbí pè é jókòó. A ò ní kó má kọ́ ọ, a kàn ní kó má fọwọ́ kan ojú oórì ìyá rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní ṣé òun lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá tó bí òun ni. Àbúrò ọkọ mi, tó jẹ́ baálé wa báyìí, súre fún un. Èmi náà ṣe àmín. Wọ́n fi páànù yí ibẹ̀ ká, kò sẹ́ni tó rí inú rẹ̀ títí wọ́n fi parí iṣẹ́.

Ó wá ní kí àwa àgbà ilé wá jẹun ọ̀sán níbẹ̀ kí àlejò kankan tó dé. Inú mi dùn débi pé aṣọ tí mo tọ́jú pé kí wọ́n fi sin mí ni mo ró lọ.

Mi ò mọ ibi tí mo wà mọ́. Wọ́n ti wó gbogbo ògiri inú, ó ti di gbàgede kan ṣoṣo. Wọ́n fi kárò funfun tẹ́ ilẹ̀, ó ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ wo eruku ẹsẹ̀ mi, ó lọ mú àpò ike wá, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ó ní kí n má bínú, pé kárò máa ń gba àbàwọ́n. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe àlejò níbẹ̀ nìyẹn.

Tábìlì tó wà láàárín gan-an ni ọmọ wa fúnra rẹ̀ mú wa jókòó sí. Wọ́n gbé ẹja ńlá dé, tòun ti orí àti ojú, ata àti àlùbọ́sà bò ó mọ́lẹ̀, ẹ̀kọ àkàsà yí i ká. Wọ́n bu ẹmu Massè sínú ife gíláàsì. Mo gbé ife mi, mo ní kó júwe ibi tí yàrá ìyá rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ fún mi, kí n lọ fún un ní tirẹ̀ ká tó jẹun. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ká jẹun ná kí ẹja má baà tutù, a jọ máa lọ. Baálé wa ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. "Ìyàwó, òkú kì í kánjú," ló wí, tòun ti egungun lẹ́nu. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹja yẹn sì ń ta sánsán. Mo jẹ. Mo jẹ dáadáa, mo lá ìka mi. Bí a ti ń jẹ ló ń fi fóònù rẹ̀ ya fọ́tò wa, ó ní ká wo òun, ká yọ eyín.

Nígbà tó ku egungun nìkan, mo tún gbé ife tí mi ò tíì fẹnu kàn. Mo ní ó yá, níbo ni?

"Ẹsẹ̀ yín ló wà lórí ẹ̀."

Mo wolẹ̀. Àpò ike nìkan ni mo rí. Mo ní ṣé ó ń bá mi ṣeré ni, ó ní rárá, ibi tí tábìlì yìí wà ni orí ìyá òun wà, òun dìídì fi wá síbẹ̀ ni. Ohùn rẹ̀ ò le rárá. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń júwe ọ̀nà ọjà. Mo ní ọmọ mi, o ṣèlérí fún wa. Ó tẹ̀ síwájú, ó mú egungun ẹja kan kúrò létí aṣọ mi.

"Ìyá mi ni. Ọkọ lẹ jọ fẹ́, ẹ ò bára yín tan." Ó wá yíjú sí baálé wa. "Gbogbo yín ti jẹun lórí ẹ̀ báyìí. Ta ló kù tó máa pè mí jókòó?"

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Ẹni tó bá ti jẹ níbi ọ̀rọ̀ kò lè dá ọ̀rọ̀ náà lẹ́jọ́ mọ́, ẹnu tó jẹ ti gbà. Ó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn mi ló wà tó ti kọ́ ọ, nígbà tí mo ń pọ̀n ọ́n lọ sí ìpàdé ẹbí. Mo wo baálé wa. Orí ẹja ló ń fà mu, kò gbójú sókè.

Mo fi ẹsẹ̀ ti àpò ike sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo da ẹmu náà sílẹ̀. Kò lọ síbì kankan. Ó dúró sórí kárò, ó ń hó díẹ̀díẹ̀, ó wá ṣàn padà wá bá àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Kí n tó pe orúkọ ìyáálé mi tán, ọmọbìnrin yẹn ti dé pẹ̀lú aṣọ ìnulẹ̀ àti ọṣẹ olóòórùn dídùn, ó nù ún, ó fún un sínú garawa. Ọmọ wa ní kó nù ún dáadáa, kí oníbàárà má baà yọ̀ ṣubú.

Ẹ má dúró kí n sọ pé nǹkan ṣe é. Nǹkan kan ò ṣe é. Wọ́n ń ti Kpoulou wá jẹun níbẹ̀, ó ti sanra. Fọ́tò wa wà lókè ibi tó ń ta ọtí, èmi náà nìyẹn tí mo la ẹnu sílẹ̀, tínú mi ń dùn. Ẹni tó bá bi í nípa ìyá rẹ̀, fọ́tò yẹn ló ń nawọ́ sí.

Mo ti sọ fún àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n má sin mí sínú ilé. Àárín ẹ̀gẹ́ ni kí wọ́n gbé mi sí, lóko. Tẹ́lẹ̀, mo gbà pé ọmọ ló ń ṣọ́ oórì ẹni. Mi ò rò ó pé ẹni tó mọ ibi tí orí wà ló mọ ibi tí yóò gbé tábìlì lé.

Mo ṣì ń gba ibẹ̀ lọ sóko. Mo máa ń dúró lẹ́yìn ògiri, kí n ta omi sí erùpẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni òórùn ẹja yẹn ti máa ń bá mi. Ẹja náà dùn, mi ò lè purọ́. Omijé ọ̀rọ̀ yìí ti gbẹ lójú mi, ṣùgbọ́n títí dòní, itọ́ ṣì máa ń kún ẹnu mi.