Bọ́ọ̀lù Tó Lọ Kí Aládùúgbò

Ìdíje àgbáyé tó lọ kẹ́yìn ni gbogbo ènìyàn fi ń rántí olóògbé Bàbá Ó-ń-bọ̀. Bọ́ọ̀lù orí koríko ni, yíyí ni wọ́n ń yí i, wọn kì í gbá a. Ẹni tí tirẹ̀ bá sún mọ́ ọmọ bọ́ọ̀lù funfun jù ló jàre. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù náà kì í lọ tààrà. Ìhà tí àmì kékeré wà lára rẹ̀ ló máa ń tẹ̀ sí, ẹni tó bá sì dì í mú lódì ti dáràn. Bàbá dì í mú lódì. Ó yí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ igbe tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: "Ó ń bọ̀! Ó ń bọ̀!" Bọ́ọ̀lù kọ̀ ọ́, ó yà sí pápá kejì níbi tí orílẹ̀-èdè méjì mìíràn ti ń figagbága, ó sì ti bọ́ọ̀lù wọn sínú kòtò.

"Bàbá, kí lẹ ṣe yìí?" ni rẹfirí bi í.

"Mo kọ́ ọ nílé dáadáa ni. Ó kọ́kọ́ lọ kí aládùúgbò ná."

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ lórí rédíò, inú rẹ̀ sì dùn dẹ́yìn. Wọ́n ní àjò kì í dùn kónílé má relé, ṣùgbọ́n àjò dùn mọ́ ọkọ tirẹ̀. Kó tó fọ aṣọ ìrìn àjò kan tán, ọkọ ti tún ń wá àpótí. Ohun kan ṣoṣo tó ń wá láyé ni kí ọkùnrin yìí jókòó ti òun. Ó rò pé ìtìjú yóò dá a padà wálé.

Ìtìjú kọ́! Àwọn tó ń yan ẹgbẹ́ ló yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ó gbé bọ́ọ̀lù mẹ́rin wọlé, ó wo pálọ̀ yíká.

"Ìyá wọn, àga yìí mà pọ̀ jù o."

Kò pẹ́ tí gbogbo àga fi lẹ̀ mọ́ ògiri. Àlejò á jókòó gbáá bí ẹni tó ń retí dókítà, bọ́ọ̀lù á máa kọjá níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá wọn, mo ní kẹ́ ẹ jókòó sílé, ẹ ò jókòó!"

"Ṣé mo wà nílé àbí n ò sí nílé?"

"Ẹ wà."

"Ó parí. Gba bọ́ọ̀lù kan."

Ó kọ̀. Nígbà tó yá, ó gbà. Nígbà tó tún yá, òun gan-an ló ń kúnlẹ̀ pẹ̀lú téèpù tó fi ń wọn aṣọ, tó ń pariwo pé, "Ojoro! Tèmi ló sún mọ́ ọn jù!" Ọkọ á ní téèpù télọ̀ kò mọ òfin. Obìnrin náà kò gbádùn ilé ọkọ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá sùn lórí àga, kò sì jí mọ́.

Nígbà tí èrò dé láti bá wọn kẹ́dùn, ọkọ ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fa àga bọ̀ sáàárín. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká dá pálọ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀."

"Fi í sílẹ̀, ọmọ mi," ni obìnrin náà wí, ẹ̀rín àti ẹkún dàpọ̀ lójú rẹ̀. "Nígbà tó wà bẹ́ẹ̀, mi ò lọ́kọ nílé."